Garawa Katakata Tí A Tún Ṣe Lọ́jọ́ Yìnyín

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní Humble, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Amẹ́ríkà, ló ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, kí àwọn tó ń jáde ní yunifásítì lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ yẹ wọ́n. Mo gbà kíá. Bí mo ṣe gbà báyìí ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti kékeré: bí mo bá ti ṣèlérí, màá kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀ ná. Ẹ ó rí ẹ̀rù yẹn nínú ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ, torí ẹ̀rù ni mo fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀rù náà ló sì jẹ́ kí n ba ayé ẹnì kan jẹ́. Sàhéèdì lorúkọ ẹni náà. Ọ̀gá kan náà la jọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, mo sì jẹ́ kó ru ẹ̀bi mi fún ọdún púpọ̀. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ìtàn àṣeyọrí lẹ fẹ́ kà.

Iṣẹ́ ajórin ni mo ṣe. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní Nàìjíríà. Mo fi ìwé ẹ̀rí mi sínú náílọ́ọ̀nù méjì kí omi má baà kàn án, mo gbé e dé Houston, kò sì sí ẹni tó ní kí n ṣí náílọ́ọ̀nù náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ará ìjọ wa kan mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bánkọ́lé, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìjórin ní ìta Humble, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti máa ń fò lọ sókè orí wa débi pé a ó dá ọ̀rọ̀ dúró títí yóò fi kọjá. Wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san kò pọ̀, ó tó jẹun. Ìyẹn tán.

Garawa katakata ni iṣẹ́ wọn dá lé. Ẹni tó bá ti rí katakata rí mọ garawa irin ńlá tó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n fi ń kó iyẹ̀pẹ̀. Àgbẹ̀ á gbé tirẹ̀ wá pé òun fẹ́ máa fi gbé koríko gbígbẹ. A ó jó eyín irin mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn ìkún omi, ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ fi kó ẹrẹ̀ kúrò lójú títì láì họ títì. A ó de rọ́bà mọ́ ọn létí. Garawa kan náà ni, àwa la ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Kí lo kà?”

Mo sọ fún wọn.

“Ó dáa. Gírájúéètì, ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbálẹ̀, tí mo sì fi ha ìpẹtà kúrò lára irin. Ojú ń tì mí. Kì í ṣe torí pé iṣẹ́ náà kéré lójú mi. Ohun tó ń dùn mí ni èrò pé bóyá ibẹ̀ gan-an ló tọ́ sí mi, pé ìwé tí mo kà kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Tí ẹ bá ti jókòó rí níwájú iṣẹ́ tó rọrùn, tí ẹ sì ń gbọ̀n bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n di ọ̀pá ìjórin mú, ìyà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jó irin méjì pọ̀ tán, Ọ̀gá á fi òòlù ńlá gbá a. Bó bá já, wọn ò ní sọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n á ju méjèèjì sí ẹsẹ̀ mi, wọ́n á bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ tí èyí tí mo jó kọ́kọ́ kọ̀ láti já, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n gbé e sókè sí oòrùn.

“Hẹn-ẹn,” ni wọ́n wí. “Irin yìí ti ń gbọ́ Yorùbá.”

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún. N ò ì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Òfin méjì wà tí Ọ̀gá kì í fi ṣeré. Èkíní ni pé, bí garawa bá wà lókè, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ láì jẹ́ pé a ti fi ìtì igi méjì gbè é. “Epo ló gbé e dúró,” ni wọ́n máa ń wí. “Epo kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnì kan.” Ìtì igi náà nípọn bí itan àgbàlagbà, a sì kùn wọ́n ní ọ̀dà pupa. Lọ́jọ́ kan mo na ọwọ́ sábẹ́ garawa láti mú sípánà tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tó ìmí ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀gá lé mi jáde sínú oòrùn oṣù kẹjọ, wọ́n ní kí n gbé ìtì igi kan lé èjìká títí yóò fi yé mi. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, àwọn fúnra wọn ló bu omi fún mi.

“Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. O gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Òfin kejì ni ìkíni. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ Yorùbá kankan ní ṣọ́ọ̀bù wọn kí àgbà láti orí ìjókòó. Ì báà jẹ́ orí katakata lo wà, wàá dìde, wàá ṣí fìlà, wàá tẹrí ba. “Amẹ́ríkà lẹ wà,” ni wọ́n máa ń wí, “Amẹ́ríkà kọ́ ló bí yín.” Ó ti mọ́ mi lára débi pé ara mi ń dìde kí n tó rò ó.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Sàhéèdì dé. Ọmọ Ìwó ni, mo fi ọdún tó pọ̀ jù ú lọ, kò kàwé tó mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan. Páìpù epo tó ń gbé garawa sókè ló mọ̀ jù. Á fi etí lé e, á ní, “Síìlì ti ń jẹ.” Síìlì ni rọ́bà róbótó tó wà nínú páìpù náà tí kì í jẹ́ kí epo sá, bó bá jẹ tán, garawa ò ní lè dúró lókè. Kò ṣì í rí. Ó sì fẹ́ràn láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé òtútù ló ń mú yín ni àbí ẹ̀rù?”

“Méjèèjì.”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé èyí tó kéré lọ ná.” Á sì fún mi ní tíì rẹ̀ mu.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sì jowú rẹ̀. Mo ní láti sọ èkejì yẹn, torí tí n ò bá sọ ọ́, ẹ ó rò pé ẹ̀rù nìkan ló wà nínú ohun tí mo ṣe.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ọ̀pá ìjórin la fi bẹ̀rẹ̀, tí a ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ti jó tán. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń pọ wáyà fúnra rẹ̀ dé, iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí dé, tó ń gé irin bí ẹni gé bébà. Ibẹ̀ ni ìwé mi ti wúlò níkẹyìn, torí èmi nìkan ló lè bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ò gbà á gbọ́. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì ya tiwọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wá sọ pé, “Ó gbìyànjú.”

Ọjọ́ yìnyín ló kàn báyìí. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì nídìí tábìlì tí mo ti ń kọ ọ́.

Houston ò mọ yìnyín. Oòrùn la mọ̀, ìjì la mọ̀, omi tó ń wọ ilé la mọ̀. Lọ́dún náà, yìnyín já bọ́ láti òru, ó sì dì mọ́lẹ̀. Iná lọ ní gbogbo àdúgbò. Ilé wa tutù ju ìta lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, a dá iná sínú dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí igi tán, Ọ̀gá yíjú sí ìtì igi pupa méjèèjì.

Sàhéèdì ló sọ̀rọ̀. “Ọ̀gá, ìtì igi garawa kọ́ nìyẹn?”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sin ìwọ àti igi pọ̀ ni? Jù ú síná. A ó gé òmíràn bí ayé bá gbóná.”

A jó wọn. Mo rántí pé inú mi dùn sí ooru náà.

Kò pẹ́ ni Kọ́lá, ará ìjọ wa tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, pe Ọ̀gá. Kíndìnrín ìyá rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti pàdánù ọjọ́ kan, dókítà sì ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ pàdánù ìkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ iwájú ilé wọn gùn, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí títì. Ọkọ̀ Kọ́lá ti yọ̀ wọ inú kòtò. Àwọn alámbúláǹsì ní àwọn ò lè gun ibẹ̀.

“A ń bọ̀,” ni Ọ̀gá wí.

Ẹnu garawa katakata ṣọ́ọ̀bù wa mú. Bí a bá fi ha yìnyín bó ṣe wà, yóò máa kọ́ kankéré, ìyẹn sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà náà, yóò máa dúró, bóyá kó tilẹ̀ já páìpù omi àdúgbò. Ọ̀gá ní kí a mú páìpù irin kan tó nípọn. Mo fi iná gáàsì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì fi bọ ẹnu garawa bí àkọ̀ ṣe ń bo ẹnu idà, Sàhéèdì wá fi bóòtù dè é ní ọ̀tún àti òsì. Ẹnu garawa di róbótó, tó lè máa yọ̀ lórí kankéré láì họ ọ́. Iṣẹ́ tó rẹwà ni. A ò ṣe irú rẹ̀ rí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín sí i.

Mo wa katakata náà gba ẹ̀gbẹ́ títì dé ibẹ̀. Sàhéèdì ti pààrọ̀ síìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ọ̀gá ń rìn níwájú, wọ́n ń fi ọ̀pá irin wá ibi tí kankéré parí sí. Sàhéèdì ń fi ṣọ́bìrì gbá ẹ̀gbẹ́. Ìlọ àkọ́kọ́ dára, ìkejì dára. Ní ìkẹta, páìpù náà kọ́ ojú ibi tí kankéré méjì ti pàdé, ó sì yọ lápá kan. Ọ̀gá na ọwọ́ sókè pé kí n gbé garawa. Mo gbé e dé ìwọ̀n àyà ènìyàn. Wọ́n mú sípánà, wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀.

Kò sí ìtì igi. Mo mọ̀. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ta ni mí tí màá máa ka òfin Ọ̀gá mi sí wọn létí?

Ìgbà náà ni Màmá, ìyá Kọ́lá, yọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fara ti ọ̀pá wọn, bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n dé ọrùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú òtútù.”

Ara mi dìde. Mo wọ súwẹ́tà mẹ́ta àti kóòtù ńlá kan tí mo yá. Mo ṣí fìlà, mo tẹrí ba, àpò kóòtù náà sì kọ́ ọ̀pá tó ń darí garawa. Mo mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan fà mí. Mo ti ń sọ pé “Ẹ káàárọ̀, mà” lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí: mo sọ ọ́ parí kí n tó wẹ̀yìn.

Garawa ti balẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá wà lábẹ́ rẹ̀.

Igbe wọn kò jọ ohùn wọn. Èmi dúró bí òpó. Sàhéèdì ló ju ṣọ́bìrì nù, ló yọ̀ ṣubú, ló dìde, ló na ọwọ́ láti ìsàlẹ̀ ti ọ̀pá ìdarí, tí garawa fi gòkè. Ó fi ìborùn rẹ̀ so ọwọ́ náà. Màmá ń pariwo, “Yéè! Nítorí tèmi! Nítorí tèmi!” Kọ́lá pe alámbúláǹsì, wọ́n ní àwọn á dúró sí títì. Ni Sàhéèdì bá gun katakata.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ di Ọ̀gá mú!”

Ó kó gbogbo yìnyín yòókù. Páìpù ti yọ, ẹnu garawa ń họ kankéré, kò sí ẹni tó bìkítà. Mo jókòó sínú yìnyín, orí Ọ̀gá wà lórí itan mi, mo sì ń wo garawa náà. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó sì ń dúró gbọn-in níbi tí Sàhéèdì bá dá a dúró sí. Ẹ̀kán epo kan ò kán. Mo rí i kedere. Ọ̀nà náà ni wọ́n gbé Ọ̀gá gbà jáde, ọ̀nà náà ni Màmá gbà lọ sí ìdí ẹ̀rọ wọn.

Wọ́n gé ọwọ́ Ọ̀gá ní ọrùn ọwọ́. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, a dúró yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká.

“Garawa kì í já bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Síìlì ni. Ta ló pààrọ̀ síìlì yẹn?”

“Èmi ni, Ọ̀gá,” ni Sàhéèdì wí, “ṣùgbọ́n ó...”

“Wálé, ìwọ lo wà lórí rẹ̀. Ṣé o fọwọ́ kan ọ̀pá?”

“N ò fọwọ́ kàn án, sà.”

Òótọ́ ni, ọwọ́ mi ò kàn án. Mo ti ronú lórí ìdáhùn yẹn ju gbogbo ìwé tí mo kà láyé mi lọ. Mo fẹ́ sọ pé mi ò pète rẹ̀, pé ó kàn bọ́ lẹ́nu mi. Irọ́ ni. Ààyè wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, mo sì lo ààyè náà láti yan ọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Sàhéèdì wí. “Ẹ wo ojú mi.”

Bàtà rẹ̀ ni mo wò.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ọ̀rọ̀ náà dé ìjọ wa, ó dé mọ́ṣáláṣí tí Sàhéèdì ń lọ: Sàhéèdì tó gé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Kò sí ajórin ọmọ ilé wa kan tó gbà á síṣẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń ti ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Èmi ni Ọ̀gá fa ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Wọ́n á wá jókòó sórí àga, apá súwẹ́tà ọ̀tún wọn ká sókè, wọ́n á máa wò mí níbi tí mo ti ń jó irin, wọ́n á sì sọ fún oníbàárà pé, “Ọmọ yìí ni kò já mi kulẹ̀.” Ẹ wo bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí lára ẹni tó gbọ́ ọ. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀ta iná ló wọ̀ mí lójú.

Tí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ́ ọ. Irin kì í purọ́: bí ẹ bá jó o dáadáa, yóò dúró, bí ẹ kò bá jó o dáadáa, òòlù á sọ. Ojú mi ti ṣú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn tí ariwo ṣọ́ọ̀bù lọ, n ò rí nǹkan kan bo etí mi mọ́. Mo lọ sílé Ọ̀gá, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n wo ọwọ́ tí kò sí.

“Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,” ni wọ́n wí, wọn ò sì parí òwe náà. “Ọwọ́ mi, mo lè fi jì ọ́. Èmi ni mo jó ìtì igi. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe tèmi. Dìde nílẹ̀ ilé mi, lọ bá a.”

Sàhéèdì ń gbé ní apátímẹ́ǹtì kan lọ́nà Deer Park, nítòsí Houston, báyìí. Kò jẹ́ kí n wọlé. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ la dúró sí. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Mo sọ fún un nípa kóòtù, nípa àpò, nípa “Ẹ káàárọ̀, mà.” Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀ṣẹ́. Mo fẹ́ ẹ̀ṣẹ́ náà, kí n má parọ́.

“Ìyẹn ni pé síìlì yẹn dára?” ló bi mí.

“Ó dára. Ìwọ fúnra rẹ lo wa katakata náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ṣé ó jò?”

“N ò rántí. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rántí.” Ó fara ti ọkọ̀. “Láti ọjọ́ yẹn, n ò fọwọ́ kan páìpù epo mọ́. Wọ́n pè mí sí iṣẹ́ ẹ̀rọ kan níbí, iṣẹ́ gidi. Mo dé ẹnu géètì, mo padà. Mo ní, tí mo bá tún ṣe ẹlòmíràn léṣe ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà pé èmi ni.”

N ò ro ìyẹn rí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé òun, ó kéré tán, mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi. Mo rò pé ìbínú rẹ̀ ń bẹ pẹ̀lú rẹ̀, kò dá wà. Ẹ̀bi mi ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti ń bá a jí, ó ti ń bá a jẹun.

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó gbá mi mú ní kọ́là.

“Ẹ má dọ̀bálẹ̀. Ìkíni yín ti tó gẹ́ẹ́.”

“Kí ni kí n ṣe?”

“Ibi tí ẹ ti jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́. Ìjọ yín. Mọ́ṣáláṣí wa. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yín, torí ọ̀rọ̀ ẹnu yín, mo ti mọ bó ṣe ń rí.” Ó tú kọ́là mi sílẹ̀. “Ẹ tún un sọ.”

“Síìlì dára.”

“Ẹ tún un sọ.”

“Síìlì tí o fi síbẹ̀ dára, Sàhéèdì. Èmi ni.”

Ó yíjú sókè sí fèrèsé, ó pe ìyàwó rẹ̀. “Sọ̀ kalẹ̀ wá. Jọ̀ọ́, sọ̀ kalẹ̀ wá. Wá gbọ́ nǹkan tí ẹ̀gbọ́n ń sọ.”

A dúró dè é. Nígbà tó dé, tó ń fi ìborùn nu ọwọ́, tó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún un sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.